Ọjọ́ Mẹ́ta fún Ilé-Ìwé, Ọjọ́ Méjì fún Mi

Ìtọ́kú, Abẹ́òkúta,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bísí, Àṣàkẹ́ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìtọ́jú ilé, o sì kú wàhálà ọmọ. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí Mojí, ìyá kékeré tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú ilé yín. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá, má jẹ́ kó lọ láì mu omi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, Kútò ló ti ń gbé èrò.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan nídìí ìkòkò aró, mo tún kà á nígbà tí mo délé tí mo ti ṣan ọwọ́. O ní iṣẹ́ tuntun tí o rí ní ọ́fíìsì ní Papalanto dára, ọ̀gá rẹ kò le, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Mojí ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi, kò sí òwúrọ̀ tí kì í sunkún, débi pé ìwọ náà ń nu ojú kí o tó wọ ọ́fíìsì. O ní ìyáàfin tó ni ilé-ìwé náà fẹ́ kí ẹ wí fún òun kí táàmù tuntun tó wọlé, bóyá ọjọ́ márùn-ún ni ọmọ yóò máa wá lọ́sẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́ta. Kúnlé ọkọ rẹ ní márùn-ún. Ìyá ọkọ rẹ ní Owódé ní kò gbọdọ̀ lọ rárá, kí ẹ gbé e wá fún òun pátápátá. Ìwọ ní kò sí èyí tó tẹ́ ọ lọ́rùn nínú gbogbo rẹ̀, pé o ti fẹ́ lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìwé ti fẹ́ẹ̀ tán, lo wá fi ọgbọ́n kọ ọ́ pé, "Àbí kí n gbé e wá bá yín, Màmá?"

Mo rí ìbéèrè yẹn. N ó dáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dúró de àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta lò ń tọ́, kì í ṣe ẹjọ́ ìjọba lò ń dá, nítorí náà jókòó, kí o ka èyí pẹ̀lú sùúrù.

Èkíní, má fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ẹkún ọmọ. Kí oṣù tó parí, ọmọ ti dákẹ́, ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, ìyá ló wá jókòó sẹ́yìn ilé tí kò rí ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìyá tí inú rẹ̀ kò dùn kì í ṣe ìyá dáadáa fún ẹnikẹ́ni. O wá iṣẹ́ yìí títí kí o tó rí i, mo mọ iye ìgbà tí o ti ibi ìdánwò bọ̀ tí o kò lè jẹun. Ẹkún ọmọ ní àtúnṣe. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.

Èkejì jẹ mọ́ ẹnu rẹ. Má bínú sí mi, mo fẹ́ sọ ohun tí mo fojú rí. Nígbà tí mo wá kí yín lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, mo bá ọ mú Mojí lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ kan. O dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, o ní, "Mojí, mo fẹ́ lọ ra bisikíìtì fún ẹ, mò ń bọ̀ báyìí." O bá gba ẹ̀yìn yọ́ lọ. Ọmọ yẹn kò tilẹ̀ sunkún nígbà náà. Ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, kò wo tíṣà, kò wo ọmọ kankan. Àwọn yòókù ń kọrin, òun ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo lọ mú un lọ́sàn-án, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Màmá Ìtọ́kú, ṣé ibi tí wọ́n ti ń ta bisikíìtì jìn ni?" Mo pọ̀n ọ́n, a bá ń lọ.

Gbogbo wa la ń ṣe é, mo mọ̀. Bí ìyá bá fẹ́ jáde, yóò tan ọmọ, yóò bọ́ sẹ́yìn ilé, kí ẹkún má baà bá a dé títì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá tàn lọ́jọ́ Ajé yóò ti máa ṣọ́ni lójú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sọ òtítọ́ fún un. Sọ pé, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ ó ṣeré, ẹ ó jẹun, ẹ ó sùn, bí ẹ bá jí, n ó dé." Yóò sunkún lọ́jọ́ náà. Jẹ́ kó sun ún. Ju ọwọ́ sí i lójú rẹ̀, kí o sì máa lọ láì tún bojú wẹ̀yìn. Bí o bá ti dé bí o ṣe wí, tí o tún dé, tí o tún dé, yóò mọ̀ pé ìyá òun kì í yẹ ọ̀rọ̀.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ gan-an. Ara rẹ ni mo ti kọ́ èyí, ó sì gbà mí ní àkókò.

Nígbà tí o wà ní kékeré, jẹ́lé-ó-sinmi kan wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bàbá yín ní kí o lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n o mọ ọjà àdìrẹ wa, ọjà ọrọọrún ni. Bí ó bá ná lónìí, a ó fo ọjọ́ mẹ́ta, yóò tún ná. Lọ́jọ́ ọjà, agbo ilé á ṣófo, kò sí ẹni tí yóò lọ mú ọ wálé lọ́sàn-án. Mo bá dá a lábàá pé ọjọ́ tí ọjà bá ti bọ́ sí, o kò ní lọ sílé-ìwé, èmi ni n ó pọ̀n ọ́ lọ sọ́jà. Lójú mi, ètò tó dára jù lọ ni. Ìyá mi fi ọjọ́ ọjà ka gbogbo nǹkan láyé rẹ̀, ìyá tirẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ọjà la fi ń ka ìgbà tí aró yóò tó rẹ aṣọ, òun la fi ń ka ìpàdé ẹbí àti ìgbà tí àjò yóò dé. Kí ló wá dé tí mi ò ní fi ka ilé-ìwé ọmọ?

Bísí, ọjà kò mọ ilé-ìwé, ilé-ìwé kò sì mọ ọjà. Ọ̀sẹ̀ kan, ọjà á bọ́ sí ọjọ́ Ajé, á sì tún ná ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá tún yí, Ọjọ́rú. Bó bá tún yí, Ọjọ́bọ̀. Èwo ni ọmọdé fẹ́ mú níbẹ̀? Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, wàá ti di férémù ilẹ̀kùn mú, wàá ní, "Ṣé ọjà ni àbí ilé-ìwé?" Bí mo bá ní ọjà ni, ẹkún. Bí mo bá ní ilé-ìwé ni, ẹkún. Mo ní orí kunkun ló ń ṣe ọ́. Mo na ọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ẹkún náà sì le sí i.

Tíṣà yín nígbà náà jẹ́ ọmọdébìnrin kan tí kò tíì lọ́kọ. Ó dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bísí kò kórìíra ilé-ìwé. Kò mọ ohun tí ọ̀la máa jẹ́ ni." Inú bí mi. Mo ní lọ́kàn mi pé kí ni ẹni tí kò bímọ rí fẹ́ kọ́ mi. Mo gbé gèlè mi sórí dáadáa, mo kọjá. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí mo ṣe délé, tí mo jókòó ti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí ó dùn lẹ́nu mi.

Mo bá mú ọjọ́ mẹ́ta: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ọjà ìbáà bọ́ síbẹ̀, ìbáà má bọ́ síbẹ̀, ilé-ìwé lò ń lọ. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ọ̀dọ̀ mi lo máa ń wà. Bí ọjà bá bá ọjọ́ ilé-ìwé pàdé, èmi ni mo ń pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án láti wá mú ọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní Ìyá Dàpọ̀ ti di Òyìnbó, kàlẹ́ńdà ló fi ń ná ọjà. Ẹkún rẹ kò dá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ ó dá. Ọjọ́ Ajé kan ni o jí, o dúró kí n wẹ̀ ọ́, o ní kí n má gbàgbé ife omi rẹ. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bá oníbàárà kankan fa ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Wò ó báyìí. Nínú lẹ́tà rẹ, o ní lọ́sẹ̀ tó kọjá o dá Mojí dúró sílé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé ẹkún pọ̀ jù, o tún dá a dúró lọ́jọ́ Ẹtì nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe ọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Ọjọ́rú ni, nítorí pé ọ̀gá rẹ fún ọ láyè. Ṣé o rí i pé ìwọ náà ti ń ná ọjà tèmi? Ara gbígbóná yàtọ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá kì í lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n ẹkún kì í ṣe ibà. Ọjọ́ tí o bá ti wí, òun náà ni kí o dì mú.

Ìwọ yóò ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi mú mẹ́ta, tí kì í ṣe márùn-ún?" Mi ò fojú inú rò ó. Ọ̀sẹ̀ tí mo lò lọ́dọ̀ yín, mò ń jókòó ti ọmọ náà nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé, ó wálé, ó ń ròyìn bí ẹni tó ti Èkó bọ̀. Ọjọ́rú, ó ṣì ń kọ orin tí wọ́n kọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń da gbogbo rẹ̀ rú. Nígbà tó fi máa di Ẹtì, ó dákẹ́. Ọwọ́ ló fi ń tọ́ka sí omi. Oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi sùn lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe àìsàn. Ọmọ míì wà tó lè gbé márùn-ún kó má mì, mo mọ̀ wọ́n. Ti Mojí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọmọ náà la ó sì wò ká tó ka ọjọ́ fún un.

Kó má sì lọ rárá, ìyẹn náà kò dára. Níbi tí ẹ ń gbé ní Papalanto, mi ò rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan lágbègbè yẹn, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ọmọ tí àgbà nìkan ń bá sọ̀rọ̀ kì í mọ bí wọ́n ṣe ń jà kí wọ́n sì parí ìjà. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ lé ara wọn. Má fi ọ̀kan síhìn-ín, kí o fi ọ̀kan sọ́hùn-ún. Ọmọdé kò lè ka ọjọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí wọ́n wọ̀ fún un àti ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ ilé-ìwé, yúnífọ́ọ̀mù àti ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà. Lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti ilé-ìwé, ìró kékeré tí mo rẹ fún un àti ohun tó bá wù ú. Kó tó pẹ́, òun gan-an ni yóò máa sọ fún ọ ọjọ́ tí òní jẹ́.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, kí a fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Ní ti Kúnlé, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbọ́ pé ọmọ ọ̀gá òun ń lọ ní ọjọ́ márààrún, ẹ̀rù ń bà á kí tirẹ̀ má baà rẹ̀yìn. Má bá a jiyàn nígbà tó bá ń múra àtijáde. Jẹ́ kó jẹun tán, kó na ẹsẹ̀, kí o wá sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, bó bá dàgbà díẹ̀ sí i, ẹ ó fi kún un. Ọ̀rọ̀ "bẹ̀rẹ̀" yẹn ni kó o tẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó bá gbọ́ pé nǹkan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Òótọ́ sì ni, ẹ ó fi kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá ní, "Ìyá rẹ ló kọ́ ọ," rẹ́rìn-ín, kí o bu omi fún un.

Ìyá Owódé nìkan ni mo fẹ́ kí o rìn jẹ́jẹ́ sí, má sì fi lẹ́tà yìí hàn án. Ó tọ́ ọmọ méje yanjú, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì fún un ní ohun tí yóò rí dì mú: bí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi, kí gbogbo yín kó lọ bá a lò ó. Àgbà tí a kàn sọ fún pé kò ṣeé ṣe, tí a kò fún ní nǹkan kan, kì í gbàgbé. Bó bá sì ní Ọjọ́rú kò dára láti fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan, sọ fún un pé ọjọ́ Ajé lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àlàáfíà ló jù.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ.

Mo fẹ́ ẹ, Bísí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ síta kí o má rò pé mò ń lé ọmọ. Ilé yìí ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí bàbá yín ti sùn. Bí mo ṣe ka ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà rẹ, kí n tó mọ̀, mo ti ń wo ibi tí n ó tẹ́ ẹní Mojí sí. N ó rí ẹni bá jà lórí oúnjẹ, n ó rí ẹni dì ní irun. Síbẹ̀, rárá ni mo wí.

O mọ bí Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń pè mí. Ó ń pè mí ní Sísí. O ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, o rò pé àwàdà ni, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Kì í ṣe àwàdà. Nígbà tí mo bí i, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni, mo fẹ́ ní ìkòkò aró tèmi. Ìyá mi ní kí n gbé ọmọ wá sí abúlé kí n lè rí ọwọ́ ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ranlẹ̀. Mo máa ń lọ wò ó, kò sí ìgbà tí mo lọ lọ́wọ́ òfo. Bí mo bá yọ lọ́nà, àwọn àbúrò mi á sáré wá pàdé mi, "Sísí dé, Sísí dé," òun náà á sì sáré tẹ̀ lé wọn, yóò máa wí ohun tí wọ́n ń wí. Kò sí ẹni tó ṣe ibi. Ìyá mi tọ́ ọ dáadáa, ìwà tí gbogbo ènìyàn fi ń yìn ín lónìí, ọ̀dọ̀ ìyá mi ló ti kọ́ ọ.

Nígbà tó tó ilé-ìwé lọ, mo lọ mú un wálé. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láràárọ̀. Ohunkóhun tí mo bá ní kó ṣe, ó ń ṣe é. Ibà wá mú un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo gbé e sórí itan, mò ń fi aṣọ tútù nu orí rẹ̀, mò ń pe oríkì rẹ̀. Ó la ojú, ó wò mí dáadáa, ó ní, "Sísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyá mi."

Mo ránṣẹ́ sí abúlé. Ìyá mi dé, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ọmọ sì sùn lọ. Gbogbo Ìtọ́kú ló mọ̀ mí sí Ìyá Dàpọ̀, Dàpọ̀ nìkan ni kò mọ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ràn mi, ó ń tọ́jú mi, mi ò ráhùn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà, ohun tí a ó ṣe nìyí. Sọ fún ìyáàfin náà pé ọjọ́ mẹ́ta ni, Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, n ó wọ ọkọ̀ ní Kútò, n ó wá sùn nílé yín. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, èmi àti Mojí la jọ wà, ìwọ á lọ síbi iṣẹ́ rẹ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. N ó máa gbé aṣọ àdìrẹ tí mo fẹ́ dì dání, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò kọ ibi tí a bá jókòó sí. Àbúrò mi yóò mójú tó ìsọ̀. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, n ó gba ilé mi lọ, mi ò sì ní mú un dání bó ti wù kó sunkún tẹ̀ lé mi tó. Èmi ni n ó máa wá bá a, òun kò ní wá bá mi. Inú ilé rẹ ni kí ó máa sùn, kí ó sì máa jí. Lọ́jọ́ tí ibà bá mú un, tó bá ní kí wọ́n bá òun pe ìyá òun, mi ò fẹ́ kí wọ́n ránṣẹ́ sí Ìtọ́kú. Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbé e sórí itan.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.